Ọjọ́ Tí Tọ̀ntọ́n Ìdòwú Yà fún Àna Rẹ̀ Lórí Pápá

Ohun tó máa ń jí wa nílé baba mi ní Ṣábẹ̀ kì í ṣe àkùkọ. Àríyànjiyàn ni. Àkùkọ wa gan-an ti mọ̀ pé òun ò lè bá wọn dù ú. Á dúró kí ohùn Bàbá Mùsá alápatà kọ́kọ́ la àdúgbò kọjá, kó tó wá kọ tirẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe àmín. Bàbá Mùsá á dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ọ̀bẹ ẹran ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, “Ṣé ẹ ti jí? Ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀lù àná yẹn, mo ti rò ó títí, aṣọ́lé ló jẹ̀bi!” Bàbá mi, tó jẹ́ aránṣọ, á ti inú yàrá dá a lóhùn láì tíì bọ́jú pé irọ́ gbáà ni. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Lẹ́yìn náà ni odó á wá máa dún lẹ́yìnkùlé, tí ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Parakou á fọn fèrè tirẹ̀, tí ìyá mi á sì máa pariwo pé ta ló gbé ìgbálẹ̀ òun. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé Kútọnu, ariwo ọkọ̀ àti alùpùpù ló sì ń jí mi níbí, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dùn létí mi tó ohùn àwọn àgbà ọkùnrin méjì tó ń jà lórí bọ́ọ̀lù tí ẹnì kankan nínú wọn ò gbá.

Ọdún kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìgbà àwọn ológun ni, ìgbà tí gbogbo wa ń jẹ́ kamaráàdì, tí àwa ọmọ iléèwé ń fi ìkúùkù sókè kọrin láàárọ̀ kí a tó gbé ọkọ́ lọ sí oko iléèwé. Mo tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ pàápàá, délégéè àdúgbò, ẹni tí ìjọba fi ṣe olórí wa, á bọ́ sáàárín pápá, á ní kí a pariwo pé ìjà ń bá a lọ. A ó sì pariwo. Yèyé, ìyá baba mi, bi mí lọ́jọ́ kan pé ta ni wọ́n ń bá jà. N kò mọ̀. Mo sọ fún un pé àwọn ará Adido ni, nítorí àwọn ni a fẹ́ bá gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ìdáhùn náà sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní bọ́ọ̀lù ni Mẹ̀tírì Àjàyí, olùkọ́ tí wọ́n gbé wá láti Ìpòbẹ́, tó ń gbé yàrá kan nínú ilé wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní ni, súúfèé kan sì wà lọ́rùn rẹ̀ tí kì í bọ́, àní bó bá ń jẹun. Nínú gbólóhùn méjì tó bá sọ, tàktíkì, ọgbọ́n ìgbábọ́ọ̀lù tirẹ̀, á wà nínú ọ̀kan. Bàbá mi kò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí dáadáa, ṣùgbọ́n kí oṣù kan tó pé, òun náà ti ń sọ ọ́. Ó tilẹ̀ sọ fún ìyá mi nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan pé ọbẹ̀ ilá rẹ̀ kò ní tàktíkì. Ìyá mi kò bá a jà. Ó kàn bu ẹran inú ọbẹ̀ náà fún àwa ọmọ.

Tọ̀ntọ́n Ìdòwú, àbúrò bàbá mi, ni òpó ẹgbẹ́ náà. Kẹ̀kẹ́ ló ń tún ṣe níwájú ilé, ó ga, ó fẹ̀, ẹ̀yìn apá òsì ló sì ń gbá. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá, kó kọ́kọ́ lọ dágbére nílé. Abẹ̀ní, ọmọ Adido, ló ń fẹ́ sọ́nà. Ọdún kejì nìyẹn tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ kọ ebè iṣu fún bàbá Abẹ̀ní, nítorí ẹnu lásán kọ́ ni wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó lọ́dọ̀ wa. Bó bá dé ibẹ̀, gbogbo ará ilé náà ló ń dọ̀bálẹ̀ fún, àtọmọdé àtàgbà. Mo bá wọn lọ lẹ́ẹ̀kan. Mo rí i tí ọkùnrin gìrìwò yìí dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ọmọ ọdún mẹ́rin kan tó ń jẹ àgbàdo. Ọmọ náà wò ó, ó ní, “Dìde,” ó sì ń bá àgbàdo rẹ̀ lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí Yèyé fi gbá mi létí. Ó ní bí n kò bá mọ ohun tí àna jẹ́, n ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Mo ti mọ̀ ọ́n báyìí. Àna mẹ́ta ni mo ní, mi ò sì gbọdọ̀ sọ ohun tí mo mọ̀.

Eré méjì ni a ó bá Adido gbá lọ́dún náà, ọ̀kan nílé wa, ọ̀kan nílé wọn. Èyí tí a gbá nílé wa ló bí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Títí eré fi fẹ́ẹ̀ parí, ẹnì kankan ò tíì rí gọ́ọ̀lù. Ìgbà náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin Adido kan gba bọ́ọ̀lù lápá ibi tí Tọ̀ntọ́n Ìdòwú wà, ó sì ń bọ̀ bí ẹni tí oyin ń lé. Kọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Nàìjíríà dé ni, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ládùúgbò wa. Ọkàn wa balẹ̀, a mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó tọ́ ló bọ́ sí. Bàbá mi ń ké pé, “Gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀!” Tọ̀ntọ́n Ìdòwú sáré pàdé rẹ̀ dáadáa, ó gbé ẹsẹ̀ òsì sókè, gbogbo wa rí i. Ló bá fà á padà. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ orí ba, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí ẹni tó pàdé àgbàlagbà lẹ́nu ọ̀nà tó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ kọjá. Kọ́lá kọjá. Bọ́ọ̀lù wọlé. Ariwo àwọn ará Adido fẹ́rẹ̀ẹ́ wó àwọn òkè Ṣábẹ̀ lé wa lórí, àwa sì dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n jí ẹran rẹ̀ lórí iná.

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jiyàn gọ́ọ̀lù yẹn níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi. Èmi ń pa ẹ̀pà níbẹ̀, torí ìyá mi ní ẹ̀pà tí yóò gbé lọ ọjà. Mẹ̀tírì fi ìka ya pápá sílẹ̀, ó sì ṣa agbábọ́ọ̀lù nínú agbọ̀n mi: ẹ̀pà tó wà nínú èèpo ni tiwa, èyí tí mo ti pa ni Adido. Ó ní ìlà àwọn ẹlẹ́yìn wa ti gòkè jù, ààyè ti ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, tàktíkì ló bàjẹ́. Bàbá Mùsá ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, aṣọ́lé tó dúró gbagidi sẹ́nu ilé bí ọba ló yẹ ká bi, kí ló dé tí kò jáde lọ pàdé ọmọ náà? Bó ti ń sọ̀rọ̀ ló mú ẹ̀pà kan nílẹ̀, ó pa èèpo rẹ̀ dànù, ó jù ú sẹ́nu. “Bàbá Mùsá, ẹlẹ́yìn wa lẹ jẹ yẹn,” ni Mẹ̀tírì wí. “Kò wúlò tẹ́lẹ̀,” ni Bàbá Mùsá fèsì, ó ń jẹ ẹ̀pà lọ. Bàbá mi ní tòun ni pé iyán ló fà á. Ta ló fún Ìdòwú ní iyán kó tó lọ gbá bọ́ọ̀lù? Ìyá mi sì dáhùn láti ìdí iná pé, “Èmi ni. Ẹ̀yin náà jẹ ẹ́, ẹ tún ní kí n bu sí i. Ṣé ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí ó wọlé ni?”

Tọ̀ntọ́n Ìdòwú kì í bá wọn sọ̀rọ̀. Á jókòó sídìí kẹ̀kẹ́ tó dojú rẹ̀ délẹ̀, á máa yí táyà rẹ̀ láì tún nǹkan kan ṣe. Bí wọ́n bá bi í, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi mi ni,” kò sì ní fi nǹkan kan kún un. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ọmọdé ni mí, ohun tó sì bà mí nínú jẹ́ jù ni pé kò tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, òun tí kì í rí mi kọjá kó má sọ pé eyín mi tó yọ ti lọ Parakou. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrin, Mẹ̀tírì ní sùúrù òun ti tán, pé bí kò bá sọ ohun tó ṣe é, òun yóò yọ ọ́, òun yóò sì fi ọmọ iléèwé kan sípò rẹ̀ nígbà tí a bá lọ Adido.

Yèyé wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbé orí sókè. Ó ní, “Ẹ̀yin ọkùnrin yìí, láti ọjọ́ mẹ́rin lẹ ti ń sọ̀rọ̀. Ṣé kò sẹ́ni tó wo iwájú orí ọmọ tó gbá gọ́ọ̀lù yẹn ni? Iwájú orí bàbá Abẹ̀ní ló gbé rìn. Ẹ̀gbọ́n Abẹ̀ní ni. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Ṣé kó gbé ẹsẹ̀ lé àna rẹ̀ ni ẹ fẹ́?”

 Bàbá mi wo àbúrò rẹ̀, àbúrò rẹ̀ sì wo ilẹ̀.

“Yèyé, ẹ má bínú,” ni Mẹ̀tírì wí, “lórí pápá, kò sí àna.”

“Ní Ìpòbẹ́ lo ti rí ìyẹn?”

“Ní Ìpòbẹ́ náà, a máa ń dọ̀bálẹ̀ fún àna, Yèyé. Ṣùgbọ́n a kì í gbá bọ́ọ̀lù fún wọn.”

Ọ̀rọ̀ náà wá yí padà pátápátá. Mẹ̀tírì mú ẹ̀pà Tọ̀ntọ́n Ìdòwú, ó gbé e sí apá ọ̀tún, ó ní ó tán, kò ní bá Kọ́lá pàdé mọ́. Tọ̀ntọ́n Ìdòwú mi orí: àbúrò Kọ́lá ló ń gba ibẹ̀ bọ̀. Ó gbé e sáàárín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Abẹ̀ní wà níbẹ̀. Mẹ̀tírì gbé e síwájú pátápátá, ó ní kó lọ máa wá gọ́ọ̀lù, kó fi ẹ̀yìn sílẹ̀. “Àbúrò ìyá Abẹ̀ní ni aṣọ́lé wọn,” ni Tọ̀ntọ́n Ìdòwú wí jẹ́jẹ́, “ṣé n ó wá gbá bọ́ọ̀lù lu bàbá ìyàwó mi ni?” Bàbá Mùsá ká ọwọ́ lé orí. Ó ní, “Háà, Ìdòwú! Ìyàwó kan lo fẹ́, odindi ẹkípù bọ́ọ̀lù lo wá fi ṣe àna!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, Yèyé pàápàá rẹ́rìn-ín, àfi ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó dìde. Ó ní, “Ẹ rẹ́rìn-ín. Bí mo bá gbá Kọ́lá lulẹ̀ lójú bàbá rẹ̀, Abẹ̀ní ti lọ nìyẹn. Bí mo bá sì tún yà fún un, n kò lè gbé ojú sókè ní Ṣábẹ̀ yìí mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́n, ẹ sọ èyí tí n ó ṣe.”  Mo bú sẹ́kún sórí ẹ̀pà.

Yèyé ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, pé a ó lọ tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn tó ni ọmọ. Bàbá mi gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé èmi sórí irin iwájú, nítorí Yèyé kì í lọ ibì kan láìsí mi. Ó ní èmi ni òun fi ń rántí ohun tí àwọn ènìyàn sọ. A gbé obì àti ìgò sódàbì kan, ọtí líle tiwa, dání. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣubú lójú ọ̀nà, Yèyé kò sì jẹ́ kí ìgò fọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bàbá Abẹ̀ní wà lábẹ́ igi kajú, ó ń gé iṣu tí yóò gbìn. Ọkùnrin kúkúrú ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í yá. Yèyé kí i, ó kúnlẹ̀ pàápàá, ìyá arúgbó bẹ́ẹ̀, ó sì rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀: pé ọmọ òun kò fẹ́ rí i fín, pé eré ni eré, pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún ọ̀sán ọjọ́ kan péré.

Ó gé iṣu méjì tán kó tó dáhùn. Ó ní, “Ẹ dìde, àna wa. Ọjọ́ tí ó yà fún Kọ́lá, mo wà níbẹ̀. Gbogbo Adido ń jó, èmi nìkan ni n kò jó. Mo délé, mo sọ fún ìyá Abẹ̀ní pé, bí olè bá wọ ilé ọkùnrin yìí lọ́la, ṣé yóò yà fún un, tí yóò sì tún kí i kú àbọ̀? Ẹ sọ fún Ìdòwú. Bí ó bá tún yà, kí ó má wá kọ ebè mi mọ́. N ó rí ẹlòmíràn fún ọmọ mi.” Ó sì mú iṣu mìíràn.

Ẹ̀yin á rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún Tọ̀ntọ́n Ìdòwú láìfò ọ̀rọ̀ kan kí kẹ̀kẹ́ tó dúró. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò tú ká, ó tún le sí i ni. Ó ní, “Ìdánwò ni. Ọjọ́ kìíní tí mo dé ilé bàbá yẹn, ó gbé àga fún mi, ó ní kí n jókòó. Ká ní mo jókòó ni, wọn ì bá ti lé mi.” Òótọ́ ló sọ: ọkọ ìyàwó tí wọ́n bá gbé àga fún nílé àna, orí ilẹ̀ ni yóò wá jókòó sí, àwọn àgbà á sì máa fi ojú ẹ̀gbẹ́ wò ó. Ni àríyànjiyàn tuntun bá bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ ìránṣọ. Ṣé àga ni ọ̀rọ̀ bàbá Abẹ̀ní, àbí ọ̀rọ̀ gidi? Bàbá mi ní àga ni. Bàbá Mùsá ní ọkùnrin tó ń gé iṣu kì í purọ́. Mẹ̀tírì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí á padà sórí ìlà àwọn ẹlẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àga ni wọ́n ń bá lọ. Ó kúkú fi Tọ̀ntọ́n Ìdòwú sílẹ̀ sí apá òsì rẹ̀, nítorí ọmọ iléèwé tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ gbọ́ orúkọ Kọ́lá, ibà sì dá a dúbúlẹ̀.

Ọkọ̀ akẹ́rù ló gbé wa lọ Adido lọ́jọ́ náà, a kọrin débi pé ohùn mi ti lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bàbá Abẹ̀ní jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi, Abẹ̀ní dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó fi gèlè bo ẹnu. Àwa la kọ́kọ́ gbá tiwa wọlé. Bàbá Mùsá gbé mi sókè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé láti gbé mi sọ̀kalẹ̀. Bí eré ti ń lọ sópin, a tún rí Kọ́lá tó gba bọ́ọ̀lù, tó kọrí sí apá òsì wa.  Tọ̀ntọ́n Ìdòwú jáde sí i. Ó gbé ẹsẹ̀ sókè, mo di ojú mi, mo tún là á. Kò fà á padà. Ó gba bọ́ọ̀lù náà mọ́ Kọ́lá lẹ́sẹ̀, ó mọ́ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Kọ́lá takìtì ṣubú, Tọ̀ntọ́n Ìdòwú sì gbá bọ́ọ̀lù náà lọ sókè réré. Bí a ti fò sókè tí a ń pariwo, ó wo ilẹ̀, ó rí àna rẹ̀ nínú erùpẹ̀. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

Kọ́lá, tí òun náà dùbúlẹ̀, ń wí pé, “Dìde, o ò ṣẹ̀ mí, dìde jàre.” Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó lọ sókè ti ń bọ̀. Ọmọ Adido kan gbà á, ó wo apá òsì wa, kò rí ẹnì kankan níbẹ̀. Mẹ̀tírì ń fọn súúfèé ọrùn rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, bàbá mi ń ké pé, “Ìdòwú, ẹ̀yìn! Ẹ̀yìn!” Asán ni. Ó wọlé. Eré sì parí síbẹ̀: ọ̀kan sí ọ̀kan, bí a bá sì pa eré méjèèjì pọ̀, Adido ló borí. Àwọn ènìyàn rọ́ wọ pápá, wọ́n ń jó, wọ́n ń fò kọjá lórí Tọ̀ntọ́n Ìdòwú, kò sì dìde. Ó ti rí ẹsẹ̀ bàbá Abẹ̀ní tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú náà ń rìn díẹ̀díẹ̀, kò wo ẹnì kankan. Yèyé di ọwọ́ mi mú débi pé ó ń dùn mí. A sún mọ́ wọn, a dúró létí pápá.

Tọ̀ntọ́n Ìdòwú kò gbé ojú sókè. Ó bèèrè nínú erùpẹ̀ níbẹ̀ pé, “Bàbá, ṣé wọ́n gbá a wọlé ni?”

“Wọ́n gbá a wọlé,” ni bàbá Abẹ̀ní wí. “O gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wa, o sì kí wa. Dìde, erùpẹ̀ ti kún ẹnu rẹ. Bí a bá ti kó iṣu tán, kí ìyá rẹ wá mú ìyàwó rẹ̀ lọ.”

Yèyé já ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì sáré wọ inú pápá. N kò tíì rí i kó sáré rí.